Ọjọ́ Mẹ́fà tí Ìbídùn fi Jókòó síta

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Adigbe. Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn káńtà gba káàdì mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti òǹtẹ̀ bọ inú tàdáwà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì náà: gbà. Mo gbọ́ ìró yẹn, mo gbọ́ òórùn tàdáwà náà, àyà mi sì já bí ìgbà tí ẹnìkan pe orúkọ mi láti ẹ̀yìn. "Màmá, ó ti tán o," ni ọmọ náà wí. Ó tún un wí lẹ́ẹ̀kejì kí n tó gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkàn mi ti rìn jìnnà. Ó ti padà sí ilé ìkàwé yunifásítì wa, lẹ́yìn ìlú Abẹ́òkúta, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ogún ọdún tí mo sì rò pé mo gbọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé lórí fóònù lónìí, ó lè ṣòro fún yín láti mọ irú ibi tí mò ń sọ. Ilé gígùn kan ni, ó rẹlẹ̀, ọ̀dà ìyeyè ni wọ́n fi kùn ún, òjò sì ti fọ̀ ọ́ títí ó fi di àwọ̀ ògì. Fèrèsé rẹ̀ jẹ́ onígíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí à ń ṣí tí à ń pa, ìdajì wọn kò sì ṣeé pa mọ́. Tí a bá dé ẹnu ọ̀nà, Bàbá Sùlé tó ń ṣọ́ ibẹ̀ á gba báàgì wa, á fún wa ní ìdérí agolo tó fi ìṣó kọ nọ́ńbà sí. Tí a bá ń jáde, á ṣí ìwé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, á gbọ̀n wọ́n, bí ẹni pé odindi ìwé ńlá lè fara pa mọ́ sínú ìwé kékeré. Láàárọ̀, inú ilé náà máa ń tutù dáadáa. Lọ́sàn-án, tí iná bá lọ, fáànù á dúró, oorun á sì gbé àwọn kan lọ lórí tábìlì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tó jẹ́ pé ojú ewé kan náà ló máa ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sùn lé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ dé òpin rẹ̀. A máa ń ní bóyá ibẹ̀ ni ìwé ń gbà wọ orí tirẹ̀.

Ilé oníṣòwò aṣọ ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò àtijọ́ kan tí kò jìnnà sí Ṣàpọ́n. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, Àlájì, pé ìmọ̀ ilẹ̀ ni mo fẹ́ kà, ó wo aṣọ tó kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti wálé, á béèrè pé ìwé mélòó ló wà nínú láíbúrárì wa, mélòó ni mo ti kà níbẹ̀, mélòó ló kù. Ó gbà pé ọjọ́ tí mo bá ka èyí tó kẹ́yìn tán ni wọ́n á fún mi ní ìwé ẹ̀rí. N kò sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ìbéèrè rẹ̀ kì í jẹ́ kí n lè ṣeré jù.

Inú ilé ìkàwé yẹn ni mo ti pàdé Ìbídùn. Ọmọ àgbẹ̀ onírẹsì ní Ọ̀fàdà ni, ó ga, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ṣùkú ló sì máa ń dì láti ọdún dé ọdún. Kíláàsì kan náà ni wá. Òun kò nílò kí olùkọ́ kankan júwe ilẹ̀ fún un; láti kékeré ló ti fi ẹsẹ̀ lásán mọ èyí tó ń gba omi dúró àti èyí tí kì í gbà á. Ìwé kan wà nígbà náà, ó nípọn, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, òun ni gbogbo wa gbọ́dọ̀ kà, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì wà ní ilé ìkàwé. Ẹ̀yìn káńtà ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Èèyàn á fi káàdì rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ́jísítà, wọ́n á lu òǹtẹ̀, á sì kà á níbẹ̀ fún wákàtí méjì péré. Lọ́jọ́ kan, èmi àti Ìbídùn jọ dé káńtà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyáàfin Ṣótúndé tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ wò wá, ó ní kí a lọ jókòó ti ara wa kà á.

Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Mo máa ń yára kàwé. Ìbídùn máa ń fara balẹ̀, ètè rẹ̀ á máa mì. Tí mo bá ti dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, òun á ṣì wà láàárín, èmi á sì máa mí kanlẹ̀. "O lè ṣí i tó bá ń kán ẹ lójú," á wí, láìwo ojú mi, "ṣùgbọ́n ìwọ lo máa ṣàlàyé rẹ̀ fún mi." N kò lè ṣàlàyé rẹ̀, àwa méjèèjì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, n kì í ṣí i.

Ní ọdún kẹta wa, nígbà tó ku bí oṣù kan kí a ṣe ìdánwò, káàdì mi sọnù sínú ọkọ̀ ní Ṣàpọ́n. Wọ́n ní tuntun á gba bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìbídùn sì ń lọ sílé fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí wọ́n ń kórè ìrẹsì, bàbá rẹ̀ sì nílò ọwọ́. Ó na káàdì tirẹ̀ sí mi. Kò sí fọ́tò lára káàdì ayé ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n òfin kò gbà á rárá; ẹni tó yáni àti ẹni tí wọ́n yá, ìyà kan náà ni. "Máa fi kàwé," ó ní. "Tí mo bá dé, wàá kọ́ mi."

Lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀, nígbà tí Ìyáàfin Ṣótúndé lọ jẹun, mo fi káàdì náà gba ìwé lọ́wọ́ akọ̀wé kan tí kò mọ èmi yàtọ̀ sí Ìbídùn. Mo ṣí i dé orí keje. Ojú ewé mẹ́jọ kò sí níbẹ̀. Ẹnìkan ti fi abẹ gé wọn kúrò, ìyókù tó kù lára ìdí ìwé kò fẹ̀ ju èékánná lọ.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò le. Kí n dìde, kí n lọ fi hàn wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n á béèrè orúkọ mi, orúkọ mi kọ́ ló sì wà nínú rẹ́jísítà. Mo pa ìwé dé. Mo jókòó díẹ̀ sí i, kó má bàa dà bí ẹni pé mò ń sá. Lẹ́yìn náà mo dá a padà, mo gba káàdì, mo jáde. Akọ̀wé náà kò ṣí i wò.

Lọ́jọ́ Ajé, bí Ìbídùn ṣe ń ti Ọ̀fàdà dé ni wọ́n ránṣẹ́ pè é. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ti gba ìwé náà, ó ti rí ibi tí wọ́n gé, orúkọ Ìbídùn ló sì wà lórí ìlà tó ṣáájú tirẹ̀. Mo dúró lábẹ́ igi máńgòrò, mò ń wo ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé. Gbólóhùn kan péré ló lè gbà á sílẹ̀: pé òun wà lóko bàbá òun lọ́jọ́bọ̀. Nígbà tó jáde, ó ní wọ́n ní òun kò gbọdọ̀ wọ ilé ìkàwé mọ́ títí ìdánwò á fi parí.

"Kí lo sọ fún wọn?" mo bi í.

"Mo ní n kò gé e."

"O ò sọ pé o ò sí níbí?"

"Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á béèrè ẹni tó lo káàdì mi." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ lo gé e?"

"Rárá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a."

"Mo mọ̀," ó wí. Ó tú ọ̀rá tó gbé bọ̀ láti ilé, ó mú ìrẹsì tí ìyá rẹ̀ fi ewé wé jáde, ó sì pín in sí méjì.

Bí ẹ bá ń retí pé kí n sọ pé mo sáré wọlé lọ jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ó dùn mí pé n kò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún yín. Káàdì tuntun mi jáde lọ́jọ́ kejì. Mò ń wọlé, Bàbá Sùlé ń gba báàgì mi, mo sì ń jókòó síbi tí a máa ń jókòó sí. Ìbídùn wá jókòó síta, lórí pèpéle tó wà lábẹ́ fèrèsé ẹ̀gbẹ́ mi, ó tẹ́ ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ sórí itan. Ó ní kò sí òfin tó ní kí òun má jókòó síta. Láàárín gíláàsì tí kò pa dé, mò ń rọra kàwé sí i létí. Tí mo bá ti sáré jù, á fi ìdí bírò kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì, èmi á sì padà sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Sùlé wá dúró sí mi lórí. "Ọmọ Àlájì," ó ní, "ta lò ń kéwú fún?" Mo ní mò ń há ìwé sórí ni, sà. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí Ìbídùn. Ìbídùn kí i, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Ó dáhùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òjò dé, ọ̀kan nínú òjò ìkẹyìn ọdún, atẹ́gùn sì ń gbé e láti ẹ̀gbẹ́. Ìbídùn ti ìwé rẹ̀ bọ abẹ́ búláòsì, ó fara mọ́ ògiri. Kò kúrò níbẹ̀, nítorí mo wà láàárín ìpínrọ̀ kan. Mo rí omi tó ń ṣàn láti orí rẹ̀ lọ sí ọrùn. Ó kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì pé mò ń sáré jù. Mo pa ìwé náà dé. Mo dìde, mo gba ẹ̀gbẹ́ káńtà kọjá, mo sì kan ilẹ̀kùn Ìyáàfin Ṣótúndé.

Obìnrin náà kì í pariwo. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ti lò níbi tí èèyàn kì í ti í sọ̀rọ̀ sókè. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún.

"Ìgbà wo lo rí i pé wọ́n gé e?"

"Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mà."

"Ìgbà wo la lé ọ̀rẹ́ rẹ?"

"Ọjọ́ Ajé, mà."

Ó fi ìka kà á lórí tábìlì. "Ọjọ́ mẹ́fà lọmọ ọlọ́mọ fi jókòó síta. Ìwọ náà á jókòó síta fún ọjọ́ mẹ́fà. Wàá sì dá ojú ewé mẹ́jọ yẹn padà."

"Èmi kọ́ ni mo gé e, mà."

"Mo gbọ́. Olùkọ́ yín ní irú ìwé náà kan ní ọ́fíìsì rẹ̀. Wàá fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́." Ó dá awò padà sójú. "Lọ pe ọ̀rẹ́ rẹ wọlé, òjò ń pa á."

Ni a bá pààrọ̀ àyè. Èmi wà lórí pèpéle, Ìbídùn wà nínú ilé, ó ń kàwé sí mi. Á ka gbólóhùn kan, á dúró, á sọ ọ́ ní Yorùbá, á sọ ibi tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lóko bàbá rẹ̀, kó tó lọ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn orí tí mo ti kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí mo rò pé mo mọ̀, orí pèpéle yẹn ni wọ́n ti yé mi. Ní ìrọ̀lẹ́, a máa ń jókòó ní ọ́fíìsì olùkọ́ wa, èmi ń da ọ̀rọ̀ inú ìwé rẹ̀ kọ, Ìbídùn ń bá mi ya àwòrán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò ní kó ṣe é. Ó ya gbòǹgbò ìrẹsì kan tó dára ju ti inú ìwé lọ. Ìyáàfin Ṣótúndé ní kí wọ́n rán iṣẹ́ wa mọ́ àárín ìwé pupa náà, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe ń lò ó títí a fi jáde. A kò mọ ẹni tó gé ti àkọ́kọ́ títí di òní.

Lọ́jọ́ tí a ṣe ìdánwò tó kẹ́yìn, mo bẹ Ìbídùn pé kó foríjì mí. Ó ní, "Ó pẹ́ kó o tó dé ẹnu ilẹ̀kùn ìyá yẹn. Ṣùgbọ́n o dé ibẹ̀." Kò tún sọ̀rọ̀ náà mọ́.

Nígbà tí a jáde, wọ́n rán an lọ sin ìlú ní òkè ọya, ó sì rí iṣẹ́ síbẹ̀. Ó ń kọ lẹ́tà, mò ń dáhùn. Lẹ́yìn náà mo relé ọkọ, mo rí iṣẹ́ ní Èkó, mò ń lọ láàárọ̀ kùtù láti Abẹ́òkúta, mò ń padà nígbà tí oòrùn ti wọ̀. Lẹ́tà rẹ̀ kan dé lọ́sẹ̀ tí mo bí àkọ́bí mi. Mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí, mo ní màá dáhùn tí ara mi bá le. Ó tó oṣù mẹ́jọ kí n tó kọ ọ́. Lẹ́tà mi padà wá bá mi, wọ́n ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilé náà mọ́. Mo lọ sí Ọ̀fàdà. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ti lọ ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé níbi tí àwọn aládùúgbò kò mọ̀ dájú. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tí a jọ kàwé. Ọmọ mi ti wá orúkọ rẹ̀ lórí fóònù fún mi. Ìbídùn pọ̀ láyé. N kò tíì rí tèmi.

Lọ́dún tó kọjá, àbíkẹ́yìn ọmọ mi wọ yunifásítì náà. Mo tẹ̀ lé e lọ, mo sì ní kó mú mi dé ilé ìkàwé. Wọ́n ti kọ́ tuntun. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà tò lọ bẹẹrẹ, àwọn ọmọ sì ń wá ibi tí wọ́n máa ki wáyà fóònù bọ̀ kí wọ́n tó wá àga. Ìwé tí gbogbo kíláàsì wa ń dúró dè, ọmọ kan lónìí lè kó igba irú rẹ̀ sínú àpò ṣòkòtò. Mi ò bá wọn wí. Ká ní mo ní tèmi nígbà náà, inú mi ì bá dùn. Ǹ bá ti gbé e lọ sí igun kan, ǹ bá sì ti dá kà á tán kíákíá.

Mo rí àga kan, mo ní kí n sinmi díẹ̀. Ọmọbìnrin kan jókòó níwájú mi, ó fi ìborùn rẹ̀ lé àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ kún dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀dọ́kùnrin kan wá, ó di ẹ̀yìn àga náà mú, ó béèrè bóyá òun lè jókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹnìkan ń bọ̀ níbẹ̀," ni ọmọ náà wí, kò sì gbójú kúrò lára ohun tó ń kà.

Ọmọ mi fọwọ́ kàn mí léjìká. "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Ó rò pé orúnkún ló ń dùn mí, ó sì dúró. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin mìíràn wọlé, ó ń mí gúlegúle, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ẹni tó jókòó mú ìborùn kúrò lórí àga, ẹni tó dé sì jókòó.

Ìgbà náà ni mo tó dìde.