Misturat Yan Ojú Omi

Ìròyìn tó gba Ìlerò kan lọ́sẹ̀ náà ni pé Misturat, ọmọ Ràsáàkì oníṣu, ti mu odò ọ̀nà oko títí ẹja fi ń rìn lórí iyanrìn, àti pé àwọn ọmọ ogun ojú omi ti wá bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fún un ní ọkọ̀ ogun tó gùn láti ọjà dé Ìsẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń gé koríko etí odò kí ọkọ̀ náà lè ríbi gúnlẹ̀.

Irọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí Misturat parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó ní iṣẹ́ ológun lòun fẹ́. Inú Gbọ́láhàn, àbúrò bàbá rẹ̀, dùn dẹ́yìn. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ṣì ń pàṣẹ fún àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n tò.

"Sójà ni kó ṣe!"

"Rárá," ni Ràsáàkì wí. "Ti òfuurufú ló dáa. Ẹni tó wà lókè, ta ni yóò nà án mọ́lẹ̀?"

"Bàbá, ojú omi ni mo fẹ́."

Gbogbo wọn yíjú sí i, àfi bí ẹni pé ó ní ọ̀nì lòun fẹ́ fi ṣe ọkọ.

Gbọ́láhàn bú sẹ́rìn-ín. "Òkun wo ló wà ní Òkè-Ògùn? Àbí inú ìkòkò ìyá rẹ lo ti fẹ́ jagun?"

"Bàbá Sójà, ṣé ogun ló wá bá ẹ̀yin náà nílé kẹ́ ẹ tó lọ jà á?"

Ràsáàkì kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ, ó ní. Òun kò ní ṣe àdúà sí i. Láìsí àdúà bàbá, Misturat kò ní gbéra, ìdánwò tí wọ́n fi ń gba ọmọ ogun ojú omi sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wa iṣu tuntun, òjò rọ̀ bí ẹni pé ọ̀run ya, odò kún bo afárá mọ́lẹ̀. Iṣu wà lódìkejì. Gbọ́láhàn náà wà níbẹ̀, ó ń pariwo. Misturat gbé igbá ńlá ìyá rẹ̀, bí àwọn àgbà ti ń sọdá kí afárá tó dé ìlú. Ó gbé àyà lé e, ó ń fi ẹsẹ̀ ta omi. Ó fi igbá náà kó iṣu títí ó fi tán, ó wá padà lọ gbé àbúrò bàbá rẹ̀.

"Ẹ di igbá mú, Bàbá Sójà. Ẹ má gun orí mi o."

"Rọra, ọ̀gá mi! Lá iláha!"

Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, Ràsáàkì wo ọmọ rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló tẹ́wọ́ méjèèjì, ó ṣe àdúà gígùn, gbogbo wọn ṣe àmín.

Ojú wá ń ti Gbọ́láhàn. Kàkà kó sọ pé igbá lòun dì mọ́ la odò já, ó ní ọkọ̀ ogun ni wọ́n fi gbé òun. Ìlú gbà á, wọ́n sì fi tiwọn kún un.

Lọ́jọ́ ọjà, Sàrátù tó ń ta gààrí ké sí Misturat: "Ìwọ, ọkọ̀ rẹ dà?"

Misturat gun orí àga.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. N kò mu odò, mo sọdá rẹ̀ ni. Igbá ni, kì í ṣe ọkọ̀. Ẹ bi Bàbá Sójà, àwọn ni èrò rẹ̀. Ìdánwò àwọn ọmọ ogun ojú omi ni mo ń lọ ṣe. Wọ́n lè dá mi padà, màá sì tún lọ. Ẹnikẹ́ni kò wá bẹ̀ mí. Èmi ni mo yàn wọ́n. Àwọn kò tíì yàn mí."