Kò Sí Ẹ̀kọ́ Nínú Ẹ̀rín Màámi

Òórùn ẹ̀rọ fídíò ilé wa kò jọ òórùn ohunkóhun mìíràn láyé. Bí ó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀ tí ara rẹ̀ gbóná, eruku tó ti wọ inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jóná díẹ̀díẹ̀, òórùn náà á wá dàpọ̀ mọ́ ti epo jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìnkùlé, àti ti iṣu tó ń hó lórí iná fún iyán ọ̀sán. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn nǹkan tó jọ ọ́, àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń rò pé ó jẹ́. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Adó-Èkìtì, tí ẹ fẹnu fẹ́ eruku kúrò lára kásẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó tì í bọ ẹ̀rọ, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ajílosùn ni ilé wa wà. Tíṣà ni Bàámi, Ìyìn-Èkìtì ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ Bíbélì, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń wọ bọ́ọ̀sì lọ, tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ bọ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù tí wọ́n ti fi sítáàṣì sí gan-an. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n àti fídíò, àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní ayé fẹ́ wọlé tíṣà. Bàámi dá wọn lóhùn pé ẹ̀kọ́ ni àwọn ọmọ òun máa fi kọ́, wọ́n sì di ọ̀rọ̀ náà mú bí ẹni tó búra.

Bí òfin ṣe délé wa nìyẹn. Bí fíìmù bá ti parí, Bàámi á dìde, wọ́n á pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á dúró síwájú rẹ̀ bí ẹni tó wà níwájú pátákó ìkọ̀wé, wọ́n á ní, "Kí ni ẹ̀kọ́ inú rẹ̀?" Èmi àti Dèjì, ẹ̀gbọ́n mi, á dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó káwọ́ sẹ́yìn, a ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú fíìmù yìí ni pé". A kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Fíìmù tí a kò bá rí ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀, Bàámi á ti ẹ̀rọ náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù wọn, kọ́kọ́rọ́ á wọ àpò, ó di ìgbà tó bá wù wọ́n. Ọ̀rọ̀ wọn ni pé, "Ohun tí kò kọ́ni lọ́gbọ́n, olè ni, àkókò ẹni ló ń jí."

Ẹ má bi mí bí a ṣe ń ṣe é. A di ògbóǹtarìgì nínú ẹ̀kọ́ wíwá. Dèjì ní tirẹ̀ tó ti tọ́jú sẹ́nu, tí kò sí fíìmù tí kò bá mu: ẹ̀san ń bọ̀, sùúrù lérè, kí á máa gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu. Á sùn wọra láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, á jí nígbà tí wọ́n bá pa tẹlifíṣọ̀n, á káwọ́ sẹ́yìn, á sọ ọ̀kan nínú rẹ̀, Bàámi á sì mi orí. Èmi tí mo lajú sílẹ̀, tí mo mọ àwọ̀ bàtà olè àti orin tí ìyàwó ń kọ nínú ilé ìdáná, èmi ni n kì í rí ẹ̀kọ́ kankan sọ. Nílé ẹ̀kọ́ náà, bákan náà ni. Kò sí ìtàn tí wọ́n kà fún wa tí wọ́n jẹ́ kó sinmi lẹ́yìn tó parí.

Màámi kì í dá sí i. Télọ̀ ni wọ́n, ṣọ́ọ̀bù wọn wà lọ́nà ọjà Ọba, ohun tí gbogbo àdúgbò sì fi mọ̀ wọ́n ju aṣọ rírán lọ ni ẹ̀rín. Bí Màámi bá rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń ta ata ní òdìkejì títì á ti máa rín tirẹ̀ kó tó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé, "Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín."

Ṣùgbọ́n lọ́dún kan, nígbà òjò, Àǹtí Bísí kú. Àbúrò Màámi ni, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé, Màámi ló tọ́ ọ dàgbà. Àìsàn tí a pè ní ibà lásán ló mú un lọ. Àwọn ẹbí wá láti Ìjan-Èkìtì, wọ́n sunkún, wọ́n padà lọ. Màámi padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń gúnyán, wọ́n ń kí èèyàn, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ẹ̀rín wọn mọ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé wọ́n ti sin ín pọ̀ mọ́ Àǹtí Bísí.

Èmi ni mo yan fíìmù ti Sátidé náà lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń yá wa ní kásẹ́ẹ̀tì. Mo yàn án nítorí pé ọkùnrin kan wà lára páálí rẹ̀ tó fi ọwọ́ méjèèjì di ṣòkòtò mú, tí ojú rẹ̀ sì jọ ti ẹni tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn. Nínú fíìmù náà, ọkùnrin yìí fẹ́ lọ kí àwọn àna rẹ̀, kò ní aṣọ gidi, ló bá yá ṣòkòtò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sanra. Gbogbo àna ló sì gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún. Bí ó bá ti dọ̀bálẹ̀ tó ń dìde, ṣòkòtò á ṣẹ́kù sílẹ̀. Ó gbìyànjú láti fi ẹ̀gbẹ́ kan dọ̀bálẹ̀. Ó díbọ́n pé ẹ̀yìn ń dun òun. Ó rò pé ó ti bọ́, ni ìyá ìyàwó bá ní bàbá àgbà ṣì wà nínú yàrá, ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà ń bọ̀ láti oko, àwọn ìyàwó ilé náà ń bọ̀.

Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ọ. Màámi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, tí aṣọ ìdáná ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ló pariwo ẹ̀rín. Wọ́n rín in títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí omi ń dà lójú wọn, tí wọ́n ń fi aṣọ ìdáná nu ún. Mo kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n, Màámi ni mo ń wò. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sunkún.

Fíìmù parí. Bàámi dìde, wọ́n pa á, wọ́n bi wá léèrè. Dèjì jí, ó ní sùúrù lérè. Bàámi kò tíì wo ọ̀dọ̀ mi, wọ́n yíjú sí ẹnu ọ̀nà níbi tí Màámi ṣì ń rín díẹ̀díẹ̀. "Ìyá Dèjì, ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀kọ́ wo lẹ rí kọ́?"

Ẹ̀rín náà dúró. Mo rí i bó ṣe kúrò lójú Màámi. Wọ́n dìde nílẹ̀, wọ́n tún ìró wọn so, wọ́n ń wo ilẹ̀, wọ́n ń wo àjà, wọ́n ń wá ẹ̀kọ́ bí ọmọ iléèwé tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìyá mi, tó ránṣọ fún ìyàwó olórí ilé ìwé Bàámi, ń wá ẹ̀kọ́.

Inú bí mi. N kò káwọ́ sẹ́yìn. Mo ní, "Bàámi, kò sí ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀. Màámi ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin lẹ gbà á lẹ́nu wọn."

Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà nílé tíṣà mọ ohun tó tẹ̀lé e. Mo kúnlẹ̀, mo kọjú sí ògiri, mo nawọ́ sókè. Bàámi kò lù mí. Wọ́n fohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yìn orí mi pé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, ojú mi ló fọ́ sí i. "Àgbàbọ̀ ṣòkòtò kì í yẹ ọmọ èèyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu." Wọ́n ní bí mo bá tún un sọ lẹ́yìn wọn, ẹ̀rọ náà á wà níbi tó wà. Mo mọ òwe náà dáadáa. N kò sọ ọ́. Wọ́n ti ẹ̀rọ náà mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, Dèjì kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́.

A kò tún gbọ́ ẹ̀rín Màámi lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo rò pé èmi ni mo ti ẹ̀rín Màámi mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Títí di Sátidé kan tí Màámi ti ṣọ́ọ̀bù dé kí oòrùn tó mú, tí tẹ́èpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn wọn, tí kásẹ́ẹ̀tì oníṣòkòtò tí wọ́n tún lọ yá sì wà lábẹ́ apá wọn, tí wọ́n lọ dúró síwájú tábìlì tí Bàámi ti ń máàkì ìwé. Wọ́n na ọwọ́.

"Bàbá Dèjì, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ un fún mi. Kò sí ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ ní ulé yìí lónìí. Ẹ̀rín ni mo fẹ́ rín."

Bàámi tọwọ́ bọ àpò, wọ́n mú un jáde. Wọ́n bá wa jókòó, a jọ wo ọkùnrin oníṣòkòtò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, Màámi sì rín in bí ẹni pé wọn kò rí i rí. Nígbà tó parí, Bàámi dìde gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, wọ́n la ẹnu, wọ́n wo Màámi. Wọ́n ní, "Oúnjẹ ńkọ́?" N kò ní purọ́ fún yín pé òfin náà kú. Wọ́n tún bèèrè ẹ̀kọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e àti lọ́pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò bi Màámi mọ́.

Bàámi ti sùn nínú Olúwa báyìí, èmi sì ni mo ń kọ fíìmù. Ìjà náà kò tíì tán. Àwọn tó ń gbé fíìmù wa jáde ní kí n fi àgbàlagbà kan sí ìparí èyí tí mo ṣe kẹ́yìn, kí ó kọjú sí àwọn òǹwòran, kí ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́. Mo kọ̀. Wọ́n ní olórí kunkun ni mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò bá fíìmù ẹlẹ́kọ̀ọ́ jà o. Èyí tí ẹ̀kọ́ bá bá a bí, mo fẹ́ràn rẹ̀, ó ti pa mí lẹ́kún rí. Èyí tí wọ́n yá ẹ̀kọ́ wọ̀ fún ni n kò fẹ́. Òwe Bàámi ni mo fi ń dá wọn lóhùn, èyí tí mo kọ̀ láti sọ níwájú ògiri: àgbàbọ̀ ṣòkòtò ni. Bí fíìmù bá ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn èèyàn, ṣòkòtò náà á já sílẹ̀.

A gbé fíìmù náà wá sí Adó lọ́dún Kérésì tó kọjá. Gbọ̀ngàn kún, àwọn èèyàn rín títí. Lẹ́yìn náà, àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa kan gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó yìn mí, ó gbàdúrà fún mi, ó wá ní, "Ọmọ wa, kí ni ẹ̀kọ́ inú rẹ̀?"

Ẹ gbà mí gbọ́, èmi àgbàlagbà, ìyá ọlọ́mọ, mo rí i pé mo ti káwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́" ti dé orí ahọ́n mi. Mo wo ìlà iwájú, mo rí Màámi tí irun orí wọn ti funfun, tí wọ́n ń wo àjà, tí wọ́n ń bá mi wá a.

Ọmọ tó kúnlẹ̀ sí ògiri ní Ajílosùn ní ẹ̀rọ fídíò àti ẹ̀rín ìyá rẹ̀ láti pàdánù, kò sì káwọ́ sẹ́yìn. Èmi tí kò sí ẹni tó lè ti nǹkan kan mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù fún mọ́, èmi ni mo káwọ́. Ojú tì mí níwájú ọmọ náà. Mo tú ọwọ́ mi sílẹ̀.

Mo ní, "Kò sí ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀, sà. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ yín. Tiyín ni, ẹ máa gbé e lọ sílé."

Màámi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.