Ìbọn Tó Dógùn-ún Lókè Gáàsì

Àṣìṣe Bàbá Tiwaladé kò ju ìṣó méjì lọ. Ó kàn wọ́n mọ́ ògiri kíṣìnnì wa ní Bódìjà, lókè gáàsì gan-an, ó sì gbé ìbọn ṣakabùlà bàbá rẹ̀ kọ́ síbẹ̀.

Ọkọ mi ni Bàbá Tiwaladé. Tẹjúmọ́lá Ọdẹ́jìnmí ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, níbi tó ti ń kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ nípa ohun tó lè ba ohun ìní wọn jẹ́. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, ní Abà Ọdẹ́jìnmí, lọ́nà Ìjàyè. Níbẹ̀, orí àjà ilé ìdáná ni ìbọn máa ń wà, lókè iná igi. Èéfín a máa kùn ún ní dúdú, ọ̀rá ẹran tí wọ́n ń yan a sì máa lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ọkọ mi kò rí i kó dógùn-ún rí. Nígbà tí bàbá kú, tí wọ́n gbé ìbọn lé e lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí àkọ́bí, ibi tó mọ ìbọn mọ́ ló gbé e lọ. Kò rántí pé gáàsì kì í rú èéfín. Ooru omi iṣu àti ti ẹ̀wà ló ń rú nílé tiwa.

Èmi náà kò rántí. Olùkọ́ ni mí. Bí ọmọ kan bá gbàgbé àmì ohùn, láti ẹ̀yìn kíláàsì ni mo ti ń rí i. Ṣùgbọ́n mo dúró lábẹ́ ìbọn yẹn, mo ń se ìrẹsì ní gbogbo àsìkò òjò, n kò sì gbójú sókè. Ọjọ́ tí ọkọ mi gbé e sọ̀kalẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ́n.

“Ìyá Tiwaladé, ṣé ata lo lọ̀ sí ìbọn yìí ni?”

Ọ̀rọ̀ náà ju àwàdà lọ. Ìrántí ọdún kan bàbá ti súnmọ́ tòsí. Lọ́jọ́ náà, Olúọdẹ, olórí àwọn ọdẹ abà, yóò yẹ ìbọn olóògbé wò, àkọ́bí yóò sì yìn ín sókè lójú gbogbo ènìyàn. Bí ìbọn bá ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àkọ́bí, wọ́n á gbà á, wọ́n á gbé e fún ọmọ mìíràn. Ọmọ mìíràn náà ni Adéróunmú, àbúrò rẹ̀, tó ń dáko tó sì ń dọdẹ ní abà.

“Ó máa dùn mí o,” ni ọkọ mi wí. “N ò pa ẹran kankan rí. Eku tí mo lé nílé yìí, òun ló padà lé mi. Ìbọn yẹn nìkan ló ń jẹ́ kí n jọ ọmọ ọdẹ.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí wọn yóò fi bo irin náà. Ó kọ́kọ́ ronú kan níkẹ́lì, irin funfun tí wọ́n fi ń bo irin mìíràn. Níkẹ́lì kì í tètè dógùn-ún, ó sì ń dán yinrin.

“Ẹtu yóò máa rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀,” mo ní. “Yóò ti tún ara ṣe tán kó tó sá.”

Ó tún sọ ti ọ̀dà dúdú bí aró tó máa ń wà lára ìbọn òyìnbó. Mo tètè ṣàtúnṣe pé ìyẹn kì í ṣe ọ̀dà, ojú irin gan-an ni wọ́n ń sọ di dúdú. Kì í dán jù, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́. Òógùn ọwọ́ lásán lè mú un dógùn-ún bí wọn kò bá ń fi epo nù ún.

“Ta ni yóò máa nù ún?” mo bi í. “Ẹ̀yin tí ẹ kì í nu bàtà yín?”

Ọ̀dà mọ́tò ló ṣẹ́kù. Ó gbé ìbọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kun mọ́tò ní Mọ́kọ́lá, wọ́n fi sáńpépà ha ojú rẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì fọ́n ọ̀dà dúdú sí i. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo fún un ní máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Mo yọ méjì nítorí ọ̀dà tó kán sí igi ìdí rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìrántí, Olúọdẹ gbé ìbọn sí oòrùn.

“Tẹjúmọ́lá, ta ló sọ ìbọn bàbá rẹ di mọ́tò?”

“Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ní nọ́ńbà,” ni ọdẹ kan wí.

Ọkọ mi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. “Bàbá, họ́ọ̀nù nìkan ló kù kí n fi sí i.”

Olúọdẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó fi èékánná ha á, ọ̀dà ṣí bí èèpo, ìpẹtà sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ irin lọ. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìn ín, kó má baà fọ́ mọ́ olúwarẹ̀ lójú.

“Adéróunmú, wá gbà á.”

Àwàdà tán lẹ́nu ọkọ mi. Ó dọ̀bálẹ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró tì í níbí. Bí mi ò bá lè tún un ṣe, kó máa gbé e lọ.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí fáànù níbí o,” Adéróunmú wí.

“N óò máa fi fìlà fẹ́ ara mi.”

Olúọdẹ gbà. Ọkọ mi gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, èmi nìkan sì ni mo padà sílé. Ó fi kẹrosíìnì àti eérú ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò, ó ń fi òrí pa á, ó sì ń gbé e sókè iná igi nílé ìdáná àbúrò rẹ̀. Nígbà tí mo lọ wò wọ́n, irin ti dúdú dáadáa. Ọkọ mi náà ti dúdú. Olúọdẹ yẹ inú àti ẹ̀yìn ìbọn wò pẹ́, ó sì ní kó yìn ín. Bàbá Tiwaladé di ojú méjèèjì. Ìbọn dún, òun náà jókòó sílẹ̀ gbà-á láìròtẹ́lẹ̀.

“Tìrẹ ni,” Olúọdẹ wí. “Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kúrò ní abà yìí.”

Ọkọ mi rò ó wò, ó sì kọ̀wé fẹ̀yìn tì ní Dùgbẹ̀, kí òun àti ìbọn lè jọ máa gbé. Ìgbà tí mo gbọ́ ìròyìn rẹ̀ kẹ́yìn, ní àná, ó wà ní Abà Ọdẹ́jìnmí, nílé Adéróunmú àbúrò rẹ̀.