Òkè Ẹ̀yìn Ilé àti Rósì Tí Kò Fẹ́ Ooru

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa kọ̀, kò tì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Mo fi èjìká tì í, ó há mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ṣì ń tì dáadáa lánàá. Mo jáde sẹ́yìn ilé, mo sì rí i pé ilẹ̀ ti là lára òkè, ó fẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ èèyàn lè wọ̀ ọ́. Omi ń wọ inú rẹ̀, kò sì jáde níbì kankan. Mo gbé ọmọbìnrin wa kúrò lórí ibùsùn, mo sì jí ọkọ mi.

"Mọ́mì, ṣé kí n wá bàtà ni?" ọkọ mi béèrè. Mọ́mì àti Dádì la ń pe ara wa láti ìgbà tí a ti bímọ.

"Dádì, ẹ wọ̀ ọ́ lọ́nà."

Kí ọ̀sán tó pọ́n, òkè ti ya. Amọ̀ kún ilé ìdáná dé ojú fèrèsé. Yàrá yòókù dúró, ṣùgbọ́n àwọn comune, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ta okùn pupa àti funfun yí ilé náà ká: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀ títí òkè yóò fi dúró. Ilé kékeré yẹn nìkan la ní ní Italy. Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan gbà wá sí yàrá kan ní Bergamo, nísàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Síbẹ̀, bí òjò bá ti ṣú, mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì gòkè lọ wò ó.

Ní abúlé tí ilé wa wà lórí òkè náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní vivaio bàbá àgbàlagbà kan, níbi tí a ti ń tọ́jú igi kéékèèké fún títà. Àwọn òṣìṣẹ́ comune kó amọ̀ kúrò nílé ìdáná wa, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà tí omi yóò máa gbà sára òkè náà, wọ́n sì fi wáyà bò ó. Wọ́n ní ó ku ohun ọ̀gbìn tí gbòǹgbò rẹ̀ yóò di ojú ilẹ̀ mú. Bàbá ní rosa alpina ni yóò ṣe é, rósì tó ń dá hù lórí òkè gíga. Ẹ̀gún rẹ̀ ò tó nǹkan, òdòdó rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì ń bí ọmọ lábẹ́ ilẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Nígbà tí ewé ń wọ́, a já èso rẹ̀, pupa gígùn tó dorí kodò. A là á, a yọ kóró inú rẹ̀. Irun tó wà níbẹ̀ ń yún ni bíi wèrèpè. A fọ̀ ọ́, a da èyí tó léfòó nù, a po ìyókù mọ́ yanrìn àti ewé jíjẹrà, a sì fi wáyà bò ó nítorí eku.

"Ìta ni kó wà," ni bàbá wí. "Òtútù ló ń jí i."

Ara mi ò balẹ̀, mo bá kó díẹ̀ lọ sí bálíkónì wa ní Bergamo. Ìyókù wà lọ́dọ̀ bàbá, àmọ́ eku ya wáyà, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Tiwa nìkan ló kù. Ní ìgbà òtútù, mo lọ sí Padua láti bá àbúrò mi wẹ ọmọ tuntun. Nígbà tí mo padà dé, gbogbo rẹ̀ wà nínú yàrá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná.

"Ta ló kó wọn wọlé?"

"Èmi ni," ọkọ mi ní. "Yìnyín bò wọ́n. Mọ́mì, kí ni wọ́n fi ṣẹ̀ ọ́?"

Ìgbà ìrúwé dé, ẹyọ kan ò hù. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ọkọ rẹ fún wọn ní ibùsùn, wọ́n sì sùn." Ó ní tí a bá tún gbé wọn síta, wọ́n lè hù lẹ́yìn òtútù kejì. Ṣùgbọ́n ta ló lè ní kí òkè dúró dè wá?

Nígbà tí ewé tún ń wọ́, bàbá wú ọmọ ìdí àwọn ìyá rósì tòun ti gbòǹgbò, ó gé orí wọn kù díẹ̀. A gbìn wọ́n sára òkè náà, a tẹ ilẹ̀ ìdí wọn mọ́lẹ̀, a bomi rin wọ́n. Mo so okùn mọ́ ìbàdí kí n má baà yọ̀ ṣubú. Bí òkúta kékeré bá yí, màá fò.

"Mamma, calma," ni ọmọ mi ń wí láti ojú títì, pé kí n fara balẹ̀.

Àwọn rósì náà fìdí múlẹ̀, wọ́n yọ ọ̀mùnú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òjò ńlá tún dé, ó rọ̀ bíi ti àkọ́kọ́. Mo dúró lábẹ́ agboòrùn ní òdìkejì títì, mò ń wo omi tó ń ṣàn wálẹ̀. Ó mọ́. Kò gbé amọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, òṣìṣẹ́ comune wá wọn òkè náà, ó wọn ilé, ó sì wá bá wa.

"Signora, ẹ lè padà sílé yín."

Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú. Mo tún bi í.

"Mọ́mì," ọkọ mi ní, "jẹ́ kí ọkùnrin yìí lọ jẹun."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ká okùn pupa àti funfun náà, ó jù ú sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó sì lọ.