Ọkọ̀ Àbúrò Mi Lórí Pèpéle Kòkó

Bí mo bá ti gbọ́ "Ó ku díẹ̀" lẹ́nu ẹnikẹ́ni, inú máa ń bí mi. Àbúrò mi ọkùnrin ló fà á.

Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ayédé, ó wa ọkọ̀ spọ́ọ̀tì onílẹ̀kùn méjì bọ̀ láti Èkó, ó sì lọ fi iwájú rẹ̀ kọ lu màlúù. Wọ́n wọ́ ọ wálé, ó di orí pèpéle sìmẹ́ńtì tí bàbá wa fi ń sá kòkó.

Mo ní ká pe pánẹ́ẹ̀bítà láti Ìkọ̀lé.

"Àǹtí, kí wọ́n wá fi òòlù ba mọ́tò mi jẹ́? Èmi fúnra mi ni màá tún un ṣe."

Á tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, á lu bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹta, á di ojú kan bí ọdẹ. "Ó ku díẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ku díẹ̀. Ẹ̀bá títì ni Bàbá wá ń sá kòkó sí, òjò sì ń pa á. Ìdajì rẹ̀ bu.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó fẹ́ fi ṣéènì fa irin iwájú tó ká náà tọ́. Igi ni àwọn pánẹ́ẹ̀bítà máa ń so ṣéènì mọ́, wọ́n á wá fi rìfáàsì fà á. Igi máńgòrò tiwa jìnnà, ló bá so ó mọ́ òpó fàràńdà, ó ṣáná sí ọkọ̀.

Mo kígbe, "Má dán an wò!" Ọkọ̀ ti ń fà sẹ́yìn.

Òpó wó, páànù já wálẹ̀. Irin náà kò tilẹ̀ mira. Àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀, ó di ojú kan.

"Ó ku díẹ̀."

Bàbá, tí wọ́n ń ti mọ́sáláṣí bọ̀, dúró sínú àwókù náà.

"Kí ló tún kù?" ni wọ́n bi í. "Ṣé ulé yòókù ni?"