Kòkòrò funfun lára ewéko Màmá

Màmá, ó pé ogójì ọjọ́ lónìí tí ẹ ti fi ayé sílẹ̀.
Òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí yàrá yín ní Bantè. Nígbà tí a tì í, kò sẹ́ni tó rántí pé ewéko yín wà lẹ́bàá fèrèsé.
Kòkòrò funfun bí òwú ti bò ó.
Ẹ̀gbọ́n gbé oògùn tí wọ́n ń fín sóko òwú wá.
Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró! Inú ilé la wà o, àwọn ọmọ ń sùn ní yàrá kejì."
Wọ́n ní, "Ṣé kí n máa wo èyí náà títí á fi kú ni?"
Wọ́n gbé oògùn náà sílẹ̀.
Mo fi omi ọṣẹ nu ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀ ló ṣì tutù.
Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tó ń ka èyí, kí lẹ máa ń lò sí irú kòkòrò yìí?
Màmá, màá máa nù ún lójoojúmọ́.