Àwòrán Ẹ̀gbọ́n Nínú Ìwé Baba Ọlọ́dà

Obìnrin tí àwọn ará ilé-ìtẹ̀wé ń pè ní Ìyá Òṣùwọ̀n kò ta ohunkóhun rí lọ́jà. Ìwé ìtàn ìgbésí ayé àwọn èèyàn ńlá ló ń kọ, iṣẹ́ náà ló sì fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n fún un lórúkọ yìí nítorí pé bí ẹnìkan bá gbé ìyìn wá bá a, á béèrè pé ta ló rí i. Bó bá jẹ́ èébú lo gbé wá, ìbéèrè kan náà ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, òun kò sì fẹ́ ṣe àgbà bẹ́ẹ̀.

Ó ní òfin kan tí kì í yẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan ẹni tí ìwé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ibi tí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀ nínú ìgbésí ayé onítọ̀hún ni yóò gbé ẹ̀sùn náà sí, á sì gbé èsì rẹ̀ tì í. Kì í kó gbogbo àríwísí jọ sínú orí kan ṣoṣo níparí ìwé. A máa sọ pé ìwà èèyàn kì í ṣe ilé tí rere ń gbé pálọ̀ rẹ̀, tí búburú ń gbé ẹ̀yìnkùlé.

Ọjọ́ kan ni ilé-ìtẹ̀wé gbé iṣẹ́ ìwé Baba Ọlọ́dà fún un. Baba Ọlọ́dà ti ṣe olórí ìjọba rí. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó da ọ̀dà sí àwọn ọ̀nà tí ẹrẹ̀ ti ń gbé ọkọ̀ mì tipẹ́. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ náà ní orúkọ tiwọn, ṣùgbọ́n kò ṣeé kọ sínú ìwé. Òun ló ti ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí ìjọba ti ń hun aṣọ pa. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ tí wọn ò dìde, àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú sí wọn. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Òṣùwọ̀n, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, wà lára àwọn tó jókòó. Agolo tajútajú kan bà á lójú ọ̀tún, ojú náà kò sì ríran mọ́.

Ẹ̀gbọ́n kì í sọ ìtàn náà. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá béèrè, á ní ó rẹ ojú náà ni, ó sùn. Àbúrò rẹ̀ lọ bá a nílé ìdáná, ó fa àga kan jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ ọ́ fún mi. Bí mi ò bá gbọ́ tẹnu yín, tẹnu tiwọn nìkan ni màá kọ."

"Kí lo fẹ́ gbọ́? Kọ ọ́ pé olè ni."

"Ṣé ẹ rí i níbi tó ti ń jalè?"

"Mi ò rí i."

"Mi ò lè kọ ọ́ nìyẹn."

"Kọ ọ́ pé ìkà ni, nígbà náà."

"Ohun tó ṣe ni màá kọ. Ẹni tó bá kà á ni yóò fún un lórúkọ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Àṣé torí èyí ni wọ́n fi ń pè ọ́ ní Òṣùwọ̀n. Èmi rò pé torí pé o sanra ni."

Ó wá sọ ọ́, láti orí bí wọ́n ṣe jókòó títí dé orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Níbẹ̀ ló ti ṣíwọ́.

"Olórí ìjọba náà wá kí mi lọ́jọ́ kejì. Ó di ọwọ́ mi mú. Ìyẹn, má kọ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó wá àbí kò wá?"

"Ó wá. Òun àti ayàwòrán."

"Màá kọ ayàwòrán náà."

"Ṣé wàá kọ ọ́ pé kò béèrè ohun tó ṣe ojú mi?"

"Màá kọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n fi ojú kan tó kù wò ó. "Ó dáa. Ọwọ́ rẹ ni mo fi í sí o."

Ìyá Òṣùwọ̀n lọ bá Baba Ọlọ́dà pẹ̀lú. Ìyẹn ní ilé-iṣẹ́ náà ń jẹ owó ìlú ni, òun kò sì pàṣẹ kí ẹnikẹ́ni yin nǹkan sí ojú èèyàn. Ìyá Òṣùwọ̀n kọ ìyẹn náà, láìfi ọ̀rọ̀ kankan bù ú kù. Nínú orí kẹfà, gbogbo rẹ̀ dúró ti ara wọn: ìjókòó òṣìṣẹ́, agolo, ìbẹ̀wò, ayàwòrán, èsì ọkùnrin náà.

Ọ̀gá ilé-ìtẹ̀wé ka ìwé náà, ó ránṣẹ́ pè é.

"Ìyá Òṣùwọ̀n, ìwé yìí dùn, àmọ́ ata wà nínú rẹ̀ káàkiri. Ẹni tó fẹ́ kà nípa ọ̀nà, ata. Ẹni tó fẹ́ kà nípa ilé-ìwé, ata. Ẹ bu ata náà sí àwo ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ kí orí ìkẹyìn máa jẹ́ 'Àríwísí'. Mi ò ní kí ẹ yọ nǹkan kan o."

"Ẹ mọ̀ pé mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá ṣe é, àna Baba Ọlọ́dà ti ní òun á kọ ọ́. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn máa kọ."

Ó mọ̀. Bí àna bá kọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n kò ní í sí níbẹ̀ rárá. Ó rò ó títí, ó gbà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú orí kẹfà. Ìjókòó òṣìṣẹ́, agolo àti èsì rẹ̀ lọ sí orí ìkẹyìn. Ayàwòrán náà lọ síbẹ̀, àti ìbéèrè tí ọkùnrin náà kò béèrè, nítorí pé àríwísí ni wọ́n. Ìbẹ̀wò kì í ṣe àríwísí, nítorí náà ó dúró síbi tó wà. Nígbà tó parí, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó sọnù. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn díẹ̀.

Ọjọ́ tí ìwé jáde, ó ṣí i lórí tábìlì ọ̀gá. Orí ìkẹyìn kò sí níbẹ̀.

"Agbẹjọ́rò Baba Ọlọ́dà ló ní kí á yọ ọ́," ni ọ̀gá wí. "Ẹ̀ẹ̀kan náà ló bọ́ sílẹ̀, kò ba ìyókù jẹ́. Ẹ ṣeun gan-an. Bó bá wà káàkiri bíi ti tẹ́lẹ̀ ni, à bá ṣì máa tú u."

Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń dúpẹ́ ni.

"Ẹ yọ orúkọ mi kúrò lórí ẹ̀."

"Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán, Ìyá."

Ó mú ìwé náà lọ sílé Ẹ̀gbọ́n, nítorí pé kò fẹ́ kí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n ti lọ ẹ̀wù rẹ̀ wọ̀, ó ń retí ìwé náà. Ó ní kí ó ṣí ibi tí òun wà. Àwòrán ló wà níbẹ̀: Ẹ̀gbọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì, báńdéèjì lójú, ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ Baba Ọlọ́dà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Baba ń bẹ òṣìṣẹ́ kan tí ara rẹ̀ kò yá wò.

"Èmi nìyí."

"Ẹ̀yin ni."

"Ka ìyókù."

"Kò sí ìyókù, Ẹ̀gbọ́n."

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, kò dá ara rẹ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n kò pariwo.

"Irọ́ wo ló wà nínú èyí tí wọ́n fi sílẹ̀?"

"Kò sí. Èmi fúnra mi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò."

"Àìsàn wo ni wọ́n ní ó ṣe mí?"

"Wọn ò sọ."

Ẹ̀gbọ́n pa ìwé náà dé, ó nà án sí i padà.

"Máa mú un lọ," ó ní. "Bí àwọn ọmọ bá rí i, wọ́n á rò pé ọ̀rẹ́ mi ni."